Ọ̀pọ̀lọ́ ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù wa, tó ń fìdí mumi

Màámi ò fẹ́ràn omi mímu. Ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó bí mi, tó tọ́ mi dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, lè jẹ ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ láàárọ̀, kó jẹ àmàlà lọ́sàn-án, kó fi tíì lé e nírọ̀lẹ́, kó lọ sùn láì tíì gbé ife omi kankan sẹ́nu, tẹ́ ẹ bá sì bá a wí á ní ṣebí omi lọbẹ̀, ṣebí omi ni tíì. Nígbà tó wá lo ọyẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Kubwa níbí, dókítà kan wò ó, ó fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀ sókè, ó ń wo bó ṣe ń rọra padà sáyè ẹ̀, ó ní "Mama, ara yín ti gbẹ jù, ẹ máa mumi." Màámi mi orí bí ọmọ dáadáa. A délé, mo bu omi fún un, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ibẹ̀ ló wà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọyẹ́ Àbújá kì í ṣe ọyẹ́ ilé o. Tilé máa ń kí èèyàn ni, tibí ń sá èèyàn bí ẹni sá ẹ̀pa. Láti ìparí November ni atẹ́gùn ti máa ń gbé eruku Sàhárà wá, ètè á là, gìgísẹ̀ á sán, imú àwọn ọmọdé á máa sẹ̀jẹ̀ lóru, ẹ sá aṣọ, kẹ́ ẹ tó wọlé lọ gbé áyọ́ọ̀nù ó ti gbẹ gan-an-gan. Omi ẹ̀rọ ti àdúgbò wa sì jẹ́ omi tó máa ń wá nígbà tó bá wù ú, torí ẹ̀ ọwọ́ mairuwa la ti ń ra púpọ̀. Málàm tó ń bá wa gbé e wá máa ń to kẹ́ẹ̀gì sórí ọmọlanke, á tì í gba ọ̀nà olókùúta wá, á dà á sínú dúrọ́ọ̀mù búlúù tó wà lẹ́yìnkùlé, díẹ̀díẹ̀ á sì máa ta sílẹ̀, nínú gbogbo kọ́ḿpáùǹdù ilẹ̀ ibẹ̀ nìkan ló máa ń tutù láti December títí wọ March. Ohun tí ọ̀pọ̀lọ́ yẹn rí nìyẹn tó fi wá dó tì wá.

Màámi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ẹ̀. Ó pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, ohùn ẹ̀ ti yí padà.

"Àdùkẹ́, ọ̀pọ̀lọ́ yìí, ọjọ́ kẹta rèé tí mò ń rí i níbí. Kò fò, kò jẹ nǹkan kan, ó kàn na ikùn mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ta ló rán an?"

"Màámi, kò sẹ́ni tó rán an. Omi ló ń mu."

"Omi wo? Ẹnu ẹ̀ pa dé, mo ṣáà ń wò ó."

"Ìdí ló fi ń mu ún, Ma."

Ó wò mí, ó wò mí, ó tún wò mí. Ó ní, "Ṣé ohun tí mo fi owó gàrí rán ẹ lọ kọ́ nìyẹn?"

Òótọ́ ni, ohun tó fi owó gàrí rán mi lọ kọ́ nìyẹn. Àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi kò mọ̀, zoology ni mo kà ní yunifásítì, mo tiẹ̀ fi ọdún méjì ṣe tíṣà báyọ́lọ́jì kí owó oṣù tí kì í wá tó lé mi dé ìdí àǹkárá. Mo ti gbàgbé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa, àmọ́ mi ò gbàgbé ti ọ̀pọ̀lọ́, torí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé olùkọ́ ń bá wa ṣeré ni.

Ọ̀pọ̀lọ́ kì í fẹnu mumi. Ẹnu ẹ̀ wà fún eèrà, fún ikán, fún ohunkóhun tó bá rìn kọjá níwájú ẹ̀ tí kò tóbi jù ú lọ. Omi tiẹ̀ ń gba ara wọlé, ní pàtàkì awọ abẹ́ ikùn síbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá da ọ̀pọ̀lọ́ dé ẹ̀yìn, ẹ máa rí i pé ibẹ̀ yàtọ̀, ó fẹ́lẹ́, ó rí wóró-wóró, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín-ín sì há sábẹ́ ẹ̀ bí àwọ̀n apẹja. Lára irú ọ̀pọ̀lọ́ kan tí wọ́n ti wọ̀n dáadáa ní aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà, ibi kékeré yẹn ò ju nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 gbogbo awọ ara ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó lè tó ìdá 70 nínú omi tó ń mu tó ń gba ibẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ tí òǹgbẹ ń gbẹ á wá ilẹ̀ tútù, á ya ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, á wá fi ikùn lẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Kò nílò kòtò omi rárá, ilẹ̀ rírin nìkan tó o, awọ yẹn á máa fa omi láàárín yanrìn bí fóòmù ṣe ń fa omi.

Àwọn àgbà ní gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ti aláǹgbá nìyẹn. Ọ̀pọ̀lọ́ tó bá dakùn délẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, àwa ti mọ ohun tó ń ṣe é.

Kò sì pẹ́ tí àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n o, àbí kí n sọ pé ó pẹ́ ṣùgbọ́n wọ́n tètè gbàgbé. Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Robert Townson, ó lọ kàwé ní Göttingen ní Jámánì ní nǹkan bí 1790 sí 1795, ó ń tọ́jú àwọn àkèré sọ́dọ̀, ó ń gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Ó rí i pé àkèré tó ti gbẹ, tó ti fúyẹ́, tẹ́ ẹ bá gbé e sórí bébà rírin lásán á tún tẹ̀wọ̀n padà láì la ẹnu. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ayé sì gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ọdún gbọọrọ kí àwọn mìíràn tó wá tún ìdí ọ̀rọ̀ náà wá.

Nígbà tí mò ń ṣàlàyé gbogbo èyí, Màámi ti ní kí ọmọ mi obìnrin lọ gbé iyọ̀ wá.

Ẹ̀yin náà ti ṣe é rí, ẹ má purọ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà sínú ilé ilẹ̀ tí kò bu iyọ̀ sí ìgbín tàbí ọ̀pọ̀lọ́ lára rí, tàbí kó dúró kó máa wo àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tí wọ́n ń ṣe é. A máa ń rò pé iyọ̀ ń jó o bí iná. Mo sọ fún ọmọ mi pé kó gbé iyọ̀ yẹn kalẹ̀, kó lọ bá mi mú iṣu kékeré kan wá nílé ìdáná, torí pé iṣu ni wọ́n fi kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó sì jọ pé iṣu náà ni wọ́n ṣì fi ń kọ́ àwọn ọmọ títí dòní. A bẹ́ iṣu, a gbẹ́ ihò sí i lórí bí ife, a bu iyọ̀ sínú ihò, a gbé e sínú abọ́ tí omi lásán wà, omi ò dé etí ihò yẹn o. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ omi ti wà nínú ihò. Kò sẹ́ni tó dà á sí i, ara iṣu ló gbà wọlé, iyọ̀ ló pè é. Osmosis lorúkọ tí wọ́n ń pè é. Ibi tí iyọ̀ bá pọ̀ sí lomi máa ń yà sí, tí ohun tó wà láàárín wọn bá jẹ́ ohun tó ń jẹ́ kí omi kọjá.

Ọ̀pọ̀lọ́ ni iṣu yẹn. Iyọ̀ díẹ̀ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ju èyí tó wà nínú omi ilẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí omi fi ń wọlé sí i. Ẹ wá bu iyọ̀ sí i lẹ́yìn, ẹ ti yí ọ̀nà padà, inú ẹ̀ lomi ti wá ń jáde, iyọ̀ náà sì ń ráyè wọlé. Ẹ fojú inú wo ẹni tẹ́ ẹ fi páìpù sí lẹ́nu, tí ẹ wá ń fa omi ara ẹ̀. Bí Màámi ṣe gbọ́ èyí ló ti iyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n kò tíì gbà, ó ní kí n dúró ná, tó bá jẹ́ pé awọ ẹ̀ lẹnu ẹ̀, báwo ló ṣe ń mọ̀ pé omi yìí dáa, tọ̀hún ò dáa? Kì í tọ́ ọ wò?

Ìbéèrè gidi. Ó ń tọ́ ọ wò. Àwọn onímọ̀ ti gbé oríṣiríṣi omi iyọ̀ síwájú ọ̀pọ̀lọ́ tó ti gbẹ, wọ́n rí i pé ó máa ń fi ikùn kan ilẹ̀ ná, á dúró díẹ̀, tó bá jẹ́ omi dáadáa á jókòó, tí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù níbẹ̀ á gbé ìdí sókè kíá, á lọ. Iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ wà nínú awọ ikùn yẹn, tó ń sọ fún un pé nǹkan báyìí ló wà nílẹ̀. Ó ń fi ikùn tọ́ omi wò bí a ṣe ń fi ahọ́n tọ́ ọbẹ̀ wò.

Èyí tó wá dùn mọ́ mi nínú jù nínú gbogbo ẹ̀ rèé. Kẹ́míkà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí wọ́n ń pè ní angiotensin, nígbà tí omi ara bá dín kù, ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí òǹgbẹ máa gbẹ wá, tí a fi máa dìde lọ wá ife. Wọ́n fún ọ̀pọ̀lọ́ ní kẹ́míkà yẹn. Kò la ẹnu, kò wá ife, ńṣe ló lọ wá ibi tútù, ó jókòó. Òǹgbẹ kan náà, ohun tó ń rán èèyàn nídìí fìríìjì ló ń rán ọ̀pọ̀lọ́ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù. (Ó wá ku ẹni tó máa bá mi wádìí ibi tí ti Màámi ń rán an lọ.)

Wọ́n sì tún ní kẹ́míkà mìíràn tó ń ṣí ilẹ̀kùn. Orúkọ ti ọ̀pọ̀lọ́ ni vasotocin, tiwa ni vasopressin, ọmọ ìyá ni wọ́n. Lára ọ̀pọ̀lọ́ tó ti gbẹ, vasotocin á jáde láti abẹ́ ọpọlọ, á sọ fún awọ abẹ́ ikùn pé kó to àwọn ihò omi wẹ́wẹ́ síta, ihò tó kéré débi pé ẹyọ ẹyọ ni omi ń tò gba inú ẹ̀ kọjá. Aquaporin ni wọ́n ń pè é. Peter Agre tó kọ́kọ́ rí i kedere nínú ẹ̀jẹ̀ pupa èèyàn gba ẹ̀bùn Nobel kẹ́mísírì lórí ẹ̀ ní 2003, ó bá Roderick MacKinnon pín in, ẹni tí iṣẹ́ tiẹ̀ jẹ́ lórí ihò tí iyọ̀ ń gbà. Nínú èèyàn, kídìnrín ni vasopressin ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó ń ní kí wọ́n fa omi padà látinú ìtọ̀ kó tó bọ́ sọ́nù. Ọtí máa ń pa á lẹ́nu mọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn bọ̀dá tó bá jókòó ti bíà fi ń dìde lọ sẹ́yìn ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan. Torí náà iṣẹ́ tí kídìnrín wa ń ṣe nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀lọ́ ń ṣe apá kan nínú ẹ̀ níta gbangba, lójú gbogbo wa, nídìí dúrọ́ọ̀mù.

Ẹ tún rántí pé tẹ́ ẹ bá gbé ọ̀pọ̀lọ́ nílẹ̀ á tọ̀ sí yín lọ́wọ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé wọ́n máa ń sọ pé ká má jẹ́ kó kàn wá lójú. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ìtọ̀ yẹn fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ́ omi lásán, àpò ìtọ̀ ẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì ẹ̀. Nígbà tí omi bá wà á kún un, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé á máa fa omi yẹn padà sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn irú kan tó ń gbé ní aṣálẹ̀ lè gbé omi tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara wọn síbẹ̀, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá wá gbé ọ̀pọ̀lọ́ ṣeré nínú ọyẹ́, tí ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀lọ́ tó tú u dà sílẹ̀, owó oṣù kan ló tú dà sílẹ̀ yẹn. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, mo ti fòfin dè é nílé mi, ẹ wò ó, ẹ má gbé e.

Lọ́sàn-án kì í sí níbẹ̀. Ó máa ń wà lábẹ́ àwọn búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ó dìgbà tí oòrùn bá wọ̀ kó tó yọ, ó sì nídìí, torí pé ilẹ̀kùn tí omi ń gbà wọlé kì í ṣe ilẹ̀kùn tó mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé, ibẹ̀ náà lomi ń gbà jáde. Omi ń gbẹ lára ọ̀pọ̀ àkèré fẹ́ẹ̀ẹ́ tó bó ṣe ń gbẹ lójú abọ́ omi tẹ́ ẹ gbé sí gbangba. Awọ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́ nípọn lóòótọ́, àmọ́ ẹ gbé ọ̀pọ̀lọ́ sínú oòrùn January ní Àbújá láàárín ọ̀sán, ẹ ti sìnkú ẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan nínú ẹ̀yà wọn ti wá ọgbọ́n dá sí i. Àkèré orí igi kan wà ní ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní Chaco, ní Argentina àti Paraguay lọ́hùn-ún, òróró ń jáde látinú awọ ẹ̀, á wá máa fi ẹsẹ̀ pa á, á pa á sí ẹ̀yìn, á pa á sórí, á pa á sábẹ́ apá, kò ní fi ibì kankan sílẹ̀. Bàsìlínì ni, Ọlọ́run ló fi sínú ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí fídíò ẹ̀, Màámi gan-an ni mo rí, bó ṣe máa ń jókòó sórí ibùsùn láàárọ̀ ọyẹ́ tó máa ń fi òrí pa gìgísẹ̀. Àwọn mìíràn á wa ilẹ̀ wọlé, wọ́n á bọ́ awọ lé awọ lé awọ láì yọ èyí tó ti kú kúrò, títí ó fi máa di bí àpò ṣàṣẹ́ẹ̀tì yí wọn ká, ihò imú nìkan lá ṣí sílẹ̀. Àkèré ńlá ilẹ̀ Áfíríkà kan tó lè tó àwo ọbẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ti Australia náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ sì mọ̀ pé tí òǹgbẹ bá gbẹ wọ́n nínú aṣálẹ̀, wọ́n lè wú àkèré yẹn jáde kí wọ́n fún omi inú ẹ̀ mu. Ní savanna tiwa níbí, ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àkèré kékeré kan tí kò tó ìka yín wà tó jẹ́ pé orí koríko gbígbẹ ló ń jókòó sí la ẹ̀ẹ̀rùn já, nínú oòrùn, ara ẹ̀ á wá funfun bí ẹfun kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ta dànù lára ẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù wa ò mọ èyíkéyìí nínú ọgbọ́n wọ̀nyí. Mairuwa ló gbójú lé.

Málàm náà sì mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan tó ń da omi, mo rí i tó mọ̀ọ́mọ̀ tẹ kẹ́ẹ̀gì kó lè ta sílẹ̀ sí apá ibẹ̀. Mo ní kí ló dé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Kwaɗo ne. Ruwa yake so." Àkèré ni, omi ló ń fẹ́. Kwaɗo kan náà ni wọ́n ń pe àgádágodo ní Hausa, kwaɗo náà ni wọ́n ń pe ewé zogale tí wọ́n fi kúlíkúlí pò, ó ti ṣe mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Àbújá, mo ní kí wọ́n má fi ọ̀pọ̀lọ́ sí oúnjẹ mi. Mo wò ó pé ọkùnrin tó ń ti omi káàkiri láti ìdájí, tó jẹ́ pé owó ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kán omi, òun ló ń ta ọ̀pọ̀lọ́ lọ́rẹ. Mi ò sọ ọ́ fún Màámi lọ́jọ́ yẹn torí mo mọ̀ pé á ní òun náà wà nínú àwọn tó rán an.

Ọmọ mi wá bi mí pé ṣé awa náà ò lè fi ara mumi ni, ṣebí ọwọ́ òun máa ń hunjọ tóun bá pẹ́ nínú omi. Ó yẹ kó jẹ́ ẹ̀rí, àbí? Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Awọ òde tiwa ti kú, ó tò lé ara wọn bí páànù orí ilé, ọ̀rá sì wà láàárín ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí a lè wẹ̀ lódò láì wú bí pọ̀nmọ́ tí wọ́n rẹ mọ́jú. Hínhunjọ ìka yẹn, iṣan ara ló ń ṣe é, iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ ibẹ̀ ló ń sún kì. Ẹni tí iṣan ìmọ̀lára ọwọ́ ẹ̀ bá ti gé, ẹ rẹ ọwọ́ ẹ̀ sómi títí, kò ní hunjọ. Èèyàn ti ilẹ̀kùn pa, ó wá fi ẹnu nìkan sílẹ̀, ó sì wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn kan tí kò fẹ́ lo ẹnu ọ̀hún.

Tí a bá tún ní ká sọ ọ́ tán, awọ àkèré ti ṣe èèyàn lóore tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Àkèré tó wà nínú omi lásán, iyọ̀ ara ẹ̀ ń jò jáde, ó sì gbọ́dọ̀ fà á padà. Hans Ussing, ará Denmark, ló gé awọ àkèré, ó ta á bí kọ́tìnnì sáàárín ike méjì tí omi iyọ̀ kan náà wà lọ́tùn-ún lósì, ó wá fi iná mànàmáná wọn ohun tó ń kọjá. Ní 1951 òun àti ẹnì kejì ẹ̀ fi hàn pé awọ yẹn ń kó sodium láti ìta wọ inú fúnra ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń náwó agbára lé e lórí. Irú ike yẹn, tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ títí dòní, ni wọ́n tún fi yẹ ìfun wò lẹ́yìn náà láti mọ bí iyọ̀ àti omi ṣe ń gba ibẹ̀. Gbogbo ìyá tó ti po iyọ̀ àti ṣúgà sómi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru rí, irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà lẹ́yìn ife yẹn, pé ṣúgà ń bá sodium wọlé nínú ìfun, omi á sì tẹ̀lé wọn.

Ohun tí mi ò wá lè sọ láì bínú rèé. Awọ tó ń mumi kì í mumi nìkan. Nínú òjò ọdún tó ṣáájú ìyẹn, ẹni tó ń bójú tó ilé tí a ń gbé ní koríko ti pọ̀ lẹ́yìn fẹ́ǹsì, dípò kó pe àwọn ọmọ tó ń fi àdá ro ó, ó gbé oògùn apakoríko wá, ó fín in káàkiri, ó fín in títí dé ibi omi dídúró tí àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ onírù dúdú wẹ́wẹ́ kún. Ní ọjọ́ kejì gbogbo wọn ti léfòó. Mo lọ bá a, ó ní "Ah Madam, ọ̀pọ̀lọ́ náà lẹ tún ń bínú lé lórí?" Ó sọ̀rọ̀ yẹn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ní 2009 àwọn onímọ̀ kan gbé awọ àkèré sẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ ẹlẹ́dẹ̀, èyí tó jọ tiwa, wọ́n wo bí oògùn oko ṣe ń gba inú ẹ̀ kọjá, atrazine tí wọ́n ń fín sóko àgbàdo gba awọ àkèré kọjá ní ìlọ́po tó lé ní 300. Oògùn tí ẹni tó ń fín in á fọwọ́ nù dànù lára, ikùn ọ̀pọ̀lọ́ ti gbé e mì.

Àrùn kan sì wà tó jẹ́ pé awọ yẹn gan-an ló ń bá jà, irú olú wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí tí wọ́n ń pè ní chytrid. Kì í jẹ ẹran ara wọn, kì í wọ inú ìfun. Ó kàn ń ba iṣẹ́ iyọ̀ tí awọ ń ṣe jẹ́ títí sodium àti potassium inú ẹ̀jẹ̀ fi máa lọ sílẹ̀, ọkàn á sì dúró. Ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní 2019 ni pé irú àkèré àti àwọn ìbátan ẹ̀ 501 ló ti dín kù nítorí ẹ̀ káàkiri ayé, 90 nínú wọn ni wọn ò rí mọ́.

Màámi ní tóun bá mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí wọn, òun ì bá ti bá wọn ṣàánú tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ò ní jẹ ẹ́. Àkèré ni wọ́n ń jẹ, àkèré gbígbẹ tí wọ́n ń kó láti òkè Ọya wá sọ́dọ̀ wa nílé, tí wọ́n ń dín, òun náà ti jẹ ẹ́ rí. Ọ̀pọ̀lọ́ kọ́ o. Awọ ọ̀pọ̀lọ́ ní májèlé, oje funfun bíi mílíìkì ló máa ń jáde láti orí kókó méjì tó wà lẹ́yìn ojú ẹ̀, ajá tó bá bù ú jẹ á máa tu itọ́ fọ́ọ́fọ́ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi lè máa yan fanda lójú ẹlẹ́gùúsí. Awọ kan ṣoṣo, ó ń mumi, ó ń mí, ó ń tọ́ nǹkan wò, ó ń lé ọ̀tá, tó bá sì gbó ó ń bọ́ ọ bí ẹni bọ́ bùbá, ó sì máa ń fi ẹnu jẹ ẹ́ tán.

Òtútù lọ, ooru dé. Ẹ̀yin tó ń gbé Àbújá mọ ooru March, iná lọ, fáànù dúró, ògiri fúnra ẹ̀ ń laagùn. Ife omi Màámi ṣì ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, mo ti sọ̀rọ̀ títí mo ti dákẹ́, mo ti bu ọsàn sí i, mo ti bu áísì sí i. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo dé láti ọjà Wuse, mi ò rí i ní pálọ̀, mi ò rí i ní yàrá. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá a. Ó ti gbé àpótí ìdáná síbi tí ilẹ̀ tutù nídìí dúrọ́ọ̀mù, ó ká ìró dé orúnkún, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ bàsíà omi, ó sì di ojú. Ọ̀pọ̀lọ́ wà lódì kejì, ó fi ikùn lẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà di ojú.

"Màámi, ṣé ẹ ti mumi lónìí?"

Kò la ojú. Ó ní, "Àdùkẹ́, má yọ wá lẹ́nu. A ń mu ún lọ́wọ́."